Òróró Tí Mo Dà Sórí Fóònù

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó mọ orúkọ gbogbo wa láìwo ìwé! Ẹ jẹ́ kí Hàlẹ̀lúyà yẹn dé orí òkè Mápó! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Wòlíì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹ bá mi gbààwẹ̀. Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ yìí, ìtìjú wà nínú ẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí Ọlọ́run bá yọ kò gbọdọ̀ panu mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé láíbìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, yàrá ìkàwé kékeré tó wà nísàlẹ̀ òkè níbí. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti wà níbẹ̀. Èmi ni mo ń jókòó síwájú, èmi ni mo ń bá àwọn tó wá kàwé wá ohun tí wọ́n ń wá. Mo mọ ẹni tó fẹ́ràn ìwé ìtàn, mo mọ ẹni tó kàn wá sùn sábẹ́ fáànù. Bí mo bá ti Ìdí Arère rìn dé ibẹ̀ láàárọ̀, tí mo ṣí fèrèsé, inú mi á dùn ṣìnkìn.

Ni wọ́n bá gbé ọ̀gá tuntun wá. Ọ̀gá náà dáa o, obìnrin jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta tí wọ́n dé, wọ́n pe gbogbo wa jọ. Wọ́n ní ayé ti yí, pé òṣìṣẹ́ láíbìrì tí ò mọ nǹkan kan nídìí ẹ̀rọ ò lè ran àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní kí kálukú máa dán áàpù tuntun kan wò lórí fóònù rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí kálukú wá fi ọ̀kan han gbogbo wa, èyí tó ti fi ran òǹkàwé kan lọ́wọ́ ní tòótọ́. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan fi hàn, sítọ́ọ̀ ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa gbé e lọ, kó máa tọ́jú ìwé ìròyìn àtijọ́.

Yéè! Sítọ́ọ̀! Ẹ̀yin ará, kò sẹ́ni tó ń wọ ibẹ̀ àfi eku. Ta ni mo fẹ́ máa kí "ẹ káàárọ̀" níbẹ̀? Èmi tí ẹnu mi ò lè dákẹ́!

Bẹ́ẹ̀ fóònù ọwọ́ mi yìí, kí n gbé e sétí, kí n gbé e sílẹ̀, ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn. Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Mo máa ń rò pé tí mo bá tẹ ibi tí kò yẹ, gbogbo ẹ̀ á bàjẹ́. Bí ẹni gbé ẹyin ni mo ṣe ń gbé e. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń tẹ tiwọn wàràwàrà, èmi ń wojú wọn. Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ, ìkejì lọ, mi ò tíì dán ẹyọ kan wò.

Ni mo bá gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo wá bá Bàbá Wòlíì, wọ́n gbàdúrà sí òróró fún mi, wọ́n ní kí n máa fi pa orí láàárọ̀ kí n tó jáde. Orí ni wọ́n wí o! Bàbá ń mi orí níbẹ̀ yẹn, ẹ wò wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo ní, orí tèmi kẹ̀? Orí tó ti gba sátífíkéètì, kí ló ṣe é? Fóònù yìí ló ní wàhálà. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo ka Sáàmù kọkànlélọ́gọ́fà, mo sì da òróró lé e lórí. Mi ò ta á sí i o, mo dà á ni! Mo fi ọwọ́ pa á wọ gbogbo ihò tó ní, kí ẹ̀mí àìgbọ́ràn lè jáde.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa. Fóònù kú pátápátá. Mo tẹ̀ ẹ́, kò fọhùn. Mo so ó mọ́ iná, kò gbà. Mo ní, áà, ọ̀tá ilé bàbá mi rèé! Mo tún gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan lé e.

Nígbà tí ààwẹ̀ ò jí i, mo gbé e lọ bá obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Bẹẹrẹ, Kúdí lorúkọ rẹ̀. Ó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ dín dòdò nínú fóònù yìí ni?" Ojú tì mí, mo kàn ní òróró ló dà sí i. Ó nù ún, ó fọ̀ ọ́, ó fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ, ó jí! Mo wá sọ ọ̀rọ̀ sítọ́ọ̀ fún un, ẹkún sì gbọ̀n mí níbẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, títẹ̀ kì í ba fóònù jẹ́. Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ṣìnà, ẹ wo ọfà kékeré tó kọjú sẹ́yìn nísàlẹ̀ yìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, á mú yín padà síbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ onínàákúnàá ni mo rántí. Ṣé ẹni tó ṣìnà lè padà sílé? Ó lè padà! Kí wá ni mo ń bẹ̀rù?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣe ohun tí Bàbá wí. Mo fi òróró pa orí, mo nu ọwọ́ mi dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Mo wá ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo ń kọ áàpù kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀ bí a ṣe ń kọ ìwé tuntun sílẹ̀ ní láíbìrì: nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe, ìjàngbọ̀n tó ní. Èyí àkọ́kọ́ ń ka ìṣísẹ̀. Mo fi gun òkè Mápó, fóònù pàtẹ́wọ́ fún mi. Òmíràn ń sọ orúkọ ewé. Mo fi ewúro hàn án, ó pè é ní nǹkan tí ẹnu mi ò lè pè. Ọ̀kan sọ ojú mi di ti ọmọ ogún ọdún. Ẹ rántí fọ́tò ọmọge tó déédéé bọ́ sórí Wáṣáàpù ẹgbẹ́ obìnrin, tí ẹ ń bèèrè pé ta ni? Èmi ni o! Mo ṣèèṣì fi ránṣẹ́ ni. Mo tẹ ọfà ẹ̀yìn títí, ó ti lọ.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án ló ń sọ lẹ́tà di ńlá. Tí ẹ bá gbé fóònù sókè ìwé, lẹ́tà tó kéré jọjọ á tóbi lójú fóònù bí àtàǹpàkò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tí mo máa fi ràn lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta sì ti ń parí lọ, ó ku ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbà náà ni Ẹ̀mí fi Alhaji Súlè sí mi lọ́kàn. Télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ará Bẹyẹrúnká, wọ́n máa ń wá ka ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wa lójoojúmọ́. Ó ti tó oṣù méjì tá a ti rí wọn kẹ́yìn, mo sì rò pé wọ́n rìnrìn àjò ni. Mo wá wọn lọ sílé. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé ìròyìn wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "Ìyá oníwèé, dókítà ti fún mi ní oògùn ojú, ṣùgbọ́n lẹ́tà ti di èèrà lójú mi. Kí ni mo tún fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ yín?" Ó dùn mí gan-an. Bàbá tó jẹ́ pé àwọn ló ń ṣàlàyé ìròyìn fún gbogbo wa!

Mo mú fóònù jáde, mo gbé e sókè ìwé ìròyìn náà. Bàbá tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ kan, wọ́n ka ìkejì, wọ́n ka odidi ìlà kan ketekete. Wọ́n pariwo "Alihamudulilai!", àwọn ìyàwó wọn sáré jáde. Èmi náà ń ké Hàlẹ̀lúyà, gbogbo ẹ̀ ló pọ̀ mọ́ra wọn.

Ọjọ́ ìfihàn pé. Ọmọ Alhaji obìnrin mú wọn wá. Nígbà tó kàn mí, mo tẹ ibi tí kò yẹ, gbogbo ẹ̀ pòórá, orin kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọ̀gá ń wò mí. Mo rí sítọ́ọ̀, mo rí eku! Ó ku díẹ̀ kí n lọ jókòó, ni mo bá rántí ọmọ onínàákúnàá. Mo tẹ ọfà ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, orin dákẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, áàpù mi padà. Mo gbé e sókè ìwé ìròyìn ọjọ́ náà, Alhaji sì ka ìròyìn kan sókè látòkè délẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n kọjú sí ọ̀gá, wọ́n ní, "Obìnrin yìí wá mi délé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ síbi tí mi ò ti ní rí i."

Ọ̀gá yọ gíláàsì, wọ́n nu ojú wọn. Wọn ò gbé mi lọ síbì kankan! Wọ́n ní kí n tẹ́ tábìlì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún àwọn tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, kí n máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Alhaji ti padà sórí àga wọn. Àná ni wọ́n tún ń bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìjọba.

Ẹ bá mi yọ̀! Ìyá Àgbà, ẹ̀yin tí ẹ jókòó níwájú níbẹ̀ yẹn, mo mọ̀ pé àkọ́sórí ni ẹ ti ń kọ orin látìgbà tí ojú ti ń yọ yín lẹ́nu. Tá a bá ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ẹ mú ìwé orin yín wá bá mi. Ẹ̀yin tó kù tí ẹ ń gbé fóònù bí ẹni gbé ẹyin, ẹ̀yin náà ẹ wá. Gbogbo ògo, ti Ọlọ́run ni. Tí Bàbá Wòlíì bá sì fún yín ní òróró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará mi, orí ni kí ẹ fi pa. Orí!