Orúkọ Tí Mo Fọ̀ Dànù Lójú Idà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bí mo ṣe ń kọ̀wé bínú. Mi ò kàwé lọ títí. JSS kejì ni mo ti kúrò nílé ìwé, ojú sì máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Ṣùgbọ́n mo ṣe nǹkan kan, ó ti lé lọ́dún báyìí, Aunty mi nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Mo ń sọ ọ́ síta nítorí pé wọ́n fẹ́ kó bàbá kan kúrò nílé ara wọn lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Èmi ni mo fà á.

Peckham nílùú òyìnbó ni mo ń gbé lọ́dọ̀ Aunty mi. Iṣẹ́ kéà ni mo ń ṣe. Bàbá òyìnbó kan ni mo ń tọ́jú ní Sydenham. Ojú Bàbá ti fọ́, ṣùgbọ́n ìka ni wọ́n fi ń ríran. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń de bọ́tìnnì wọn, àwọn ni wọ́n ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì wọn.

Idà àtijọ́ kan wà lára ògiri pálọ̀ wọn. Lọ́jọ́ kan, Bàbá ní kí n bá àwọn fi aṣọ nù ún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Nílé wa ní Ìwó, tí Iléyá bá ti ń súnmọ́lé, àwa ọmọbìnrin la máa ń fi iyanrìn àti kànrìnkàn onírin gbo ọ̀bẹ títí á fi máa dán bíi dígí. Ọ̀bẹ tó bá dúdú, ìyá mi á ní ojú ń ti àwọn. Mo rí nǹkan dúdú kan tó lọ́ kiri lójú idà náà. Mo rò pé ó ti dógùn-ún ni. Lẹ́tà òyìnbó àtijọ́ ni, tó lọ́ mọ́ra wọn, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n fín síbẹ̀. Mo bu iyanrìn nínú ìkòkò òdòdó, mo mú kànrìnkàn onírin. Àárọ̀ bíi mélòó kan ni mo fi gbo ó. Mi ò sọ fún Bàbá. Mo fẹ́ kó dùn mọ́ wọn ni.

Nígbà tó dán tán, mo gbé e fún wọn. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ lọ, wọ́n tọ́ ọ bọ̀.

“Ṣé o ò dojú ẹ̀ délẹ̀?”

Mo yí i padà. Wọ́n tún tọ́ ọ.

“Orúkọ bàbá àgbà mi dà?”

Ìgbà yẹn ni Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Ọ̀gá ṣọ́jà ni bàbá àgbà wọn. Àwọn ló kó àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa lọ jà ní Kamẹrúùnù nígbà ogun Jámánì àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni bàbá àgbà náà kú sí. Ẹnikẹ́ni ò mọ sàréè wọn. Àwọn ọ̀gá ṣọ́jà ẹgbẹ́ wọn ló fín orúkọ wọn, ipò wọn àti ibi tí wọ́n ti jà sójú idà náà, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí ìyàwó olóògbé náà. Bàbá ní ibẹ̀ nìkan làwọn ti ń bá bàbá àgbà àwọn pàdé.

Mo ní, “Ó wà níbẹ̀, Bàbá.”

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Á jẹ́ pé ìka mi ti fẹ̀yìn tì nìyẹn. Kò tiẹ̀ dágbére fún mi.”

Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn ju idà lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá ò ti gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ wọn mọ́. Wọ́n ní kí n máa bá wọn de bọ́tìnnì. Wọ́n ní kí n máa bá wọn pa bọ́tà. Dókítà fún wọn ní oògùn iṣan, èmi ni mo sì ń gbé omi tí wọ́n fi ń lò ó. Ọmọ wọn obìnrin wá sọ pé ẹni tí kò ríran, tí ọwọ́ rẹ̀ tún ti kú, kò lè dá gbé mọ́.

Nígbà tí mo sọ fún Aunty mi, ìrẹsì ni wọ́n ń ṣà.

“Ìka tìẹ ni?” ni wọ́n wí. “Tí wọ́n bá gba job yẹn lọ́wọ́ ẹ, visa ń kọ́? Àbí idà yẹn lo máa fi lé immigration sẹ́yìn?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Mo ti gbìyànjú láti sọ fún Bàbá. Tí mo bá ti dé pálọ̀, màá kàn bá wọn de bọ́tìnnì, màá sì jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí ni kí n ṣe? Ta ni mo tiẹ̀ fẹ́ bẹ̀, nígbà tí ẹni tó ni orúkọ náà ti kú?

Ibí ni mo kọ ọ́ dé lánàá.

Láàárọ̀ òní, mo sọ idà náà kalẹ̀, mo gbé e lé Bàbá lórí itan. Mo kọ́kọ́ fi kànrìnkàn onírin sí wọn lọ́wọ́. Mo ní, “Bàbá, kí nìyí?”

Wọ́n fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò. “Ohun tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò ni. Kí lo fẹ́ kí n fi ṣe?”

Mo mú ìka kan náà, mo gbé e lé ojú idà níbi tí orúkọ náà wà tẹ́lẹ̀. Mo ní, “Bàbá, òun ni mo fi gbo orúkọ náà dànù, ìka yín ò tíì kú.” Mo wá kúnlẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọn ò lè rí mi.