Ibi Tó Ti Ń Rẹ Omi ní Ajue

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun ní Ajue níbí, kò sí ẹ̀rọ tí èèyàn máa yí kí omi máa dà. Odò là ń lọ. Ọ̀nà odò náà… há! Ó ń yọ̀ bí ilá. Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ti ṣubú tòun ti omi lórí. Ìbàdí rẹ̀ yẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò lè dá rìn mọ́.

Èmi ni mo wá ń pọn omi tó fi ń wẹ̀. Oyún bàbá yín sì wà nínú mi, ó ti tóbi. Ìyá á máa wò mí, omijé á lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ìyàwó mi, má pọn omi fún mi mọ́. Fi aṣọ tútù nù mí lára. Ó tó."

Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní dùn ún?

Ó dun bàbá yín àgbà. Iṣẹ́ páìpù ló ń ṣe ní Ọ̀rẹ̀. Ìsun omi kan wà lórí òkè, lẹ́yìn oko kòkó wa. Ó kó páìpù wá, àwọn tó rà, àwọn tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́, ó tò wọ́n láti ìsun dé ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo ilé péjọ. Ó ṣí ẹ̀rọ… tó, tó, tó. Omi kàn ń kán ni!

Wọ́n ní, "Hú páìpù rẹ. Ìsun yẹn kò lágbára."

Bẹ́ẹ̀, lókè lọ́hùn-ún, omi ń tú yàà. Ọkọ mi wá ibi tí páìpù ti ń jò títí, kò rí i. Oúnjẹ kò wù ú jẹ mọ́.

Ó wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Àjíkẹ́, omi ń fi ara gbo inú páìpù bó ṣe ń lọ, bí ẹni tó ń fi ara wọ́ gba àárín èrò. Ibì kan wà tó ti ń rẹ̀ ẹ́ jù. Mo fẹ́ mọ ibẹ̀."

Ó mú rọ́bà oníhò gígùn tó mọ́ gaara, irú èyí tí bíríkìlà máa ń rọ omi sí láti fi wo ìpele, ó gé e sí ọ̀nà púpọ̀. Ó lu ihò sí páìpù níbì kan, ó tún lu òmíràn níwájú, títí dé ilé. Ó ki rọ́bà bọ ihò kọ̀ọ̀kan, ó so ó mọ́ ọparun, ó nà án sókè. Nígbà tí ẹ̀rọ wà ní títì, omi inú gbogbo wọn dọ́gba.

Ó ké láti oko: "Ṣí i!"

Mo ṣí i. Omi inú rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Nítòsí ìsun, díẹ̀ ló fi lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti etí oko kòkó dé òdì kejì, ó já wálẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń rẹ omi! Ọkọ mi gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Páìpù tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ ló wà níbẹ̀, ó tín-ín-rín, ìpẹtà sì ti hu nínú rẹ̀. Ó fi èyí tó fẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Omi dé! Ó gbé ìyá rẹ̀ jókòó lórí àpótí lábẹ́ ẹ̀rọ. Ìyá lé wa: "Ẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí n dá wẹ̀."

A dúró lẹ́yìn ògiri. À ń gbọ́ bó ṣe ń bu omi sára, tó ń dá rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú.

Lónìí, gbogbo ilé ló ní kànga ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tó ń ṣe àgbà ilé kejì? Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀rẹ̀, ẹ máa yà kí wọn. Ẹ bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé ẹ ti wẹ̀?"

Háà… Ká ní bàbá yín àgbà ṣì wà, ì bá ti bi mí láàárọ̀ yìí.