Ọwọ́ Tí Mo Nà Sókè ní Kóòtù

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn mi tó yí padà. Màmá Délé, ẹ má tíì lọ. Ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n fẹ́ lé yín kúrò lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè ni.

Ẹ mọ̀ pé akọ̀wé lọ́yà ni mí. Láti ọdún mélòó kan wá, mo ń tẹ ìwé, mo ń pín ìwé kóòtù kiri, mo sì ń búra sí ohun tí mi ò rí: "Ọ̀gá mi ló sọ fún mi, mo sì gbà á gbọ́." Tí mo bá búra tán, màá lọ ra búrẹ́dì jẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́, àbí?

Lọ́sàn-án Jímọ̀, lẹ́yìn àdúrà, oorun gbé mi lọ lórí ẹní nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan ní, "Dìde, ká lọ." Mo tẹ̀ lé e. Mi ò tiẹ̀ bi í pé níbo.

A kọ́kọ́ gba ibi ìsinmi kọjá. Àwọn àgbàlagbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, wọ́n ń bó ẹ̀pà, ẹnikẹ́ni ò lé wọn. Mo ní ṣé kí n jókòó. Ó ní, "Orúkọ rẹ kò sí níbí."

Lẹ́yìn náà la dé ibi iná. Àwọn aninilára ń kan ilẹ̀kùn tí kò sílé lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn alágbèrè ń pe ara wọn, wọn ò dá ara wọn mọ̀. Mo kàn ń wò wọ́n ni. Àfi ìgbà tí mo rí àwọn tó na ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ọmọ iléèwé, tí ọwọ́ náà kò ṣeé sọ̀ kalẹ̀, tí iná ń ti orí ìka jó bọ̀ lápá, tí wọ́n ń ké pé "Wọ́n sọ fún mi ni! Wọ́n sọ fún mi ni!", tí mo fẹ́ sá, tí ọwọ́ tèmi náà gbéra tó ń lọ sókè fúnra rẹ̀, yéè, Olúwa, gbà mí o!

"Kí ni mo ṣe?"

"O búra pé o fi ìwé ìpè kóòtù lé opó kan lọ́wọ́. Ṣé o délé rẹ̀?"

Mi ò dé ibẹ̀. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Bàbá Olùṣọ́ ló fa ọwọ́ mi wálẹ̀ tí mo fi jí. Ọwọ́ náà ti kú tipiri, mi ò mọ̀ ọ́n lára.

Màmá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ẹjọ́ yín lẹ́yìn yín. Gbogbo ìgbà tí ẹ ń sunkún gbàdúrà lórí ẹ̀ níbí, èmi náà ń ṣe àmín.

Ẹ̀yin ará, ẹ má fi ẹnu ẹlòmíràn búra. Iná yẹn kì í bi ẹnikẹ́ni pé ta ló rán an. Lọ́la, mò ń lọ búra pé irọ́ ni mo pa. Iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì lè jù mí sẹ́wọ̀n. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, màá wá mú yín láàárọ̀ ká jọ lọ. Níbo nilé yín wà?