Gìtá Ń Dún, Èmi Ń Jẹran Ọdún

Ládi, ọkọ rẹ ni mo bá wá, Sàlíhù dà? Ó ń sùn? Oòrùn ti mú báyìí, ó ń sùn? Ẹni tó ti ń fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wasáàpù láti ìdájí, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń kí i ní alága wa, ẹ kú orí ire, òun náà ló ti sùn lọ nígbà tó gbọ́ ohùn mi lẹ́nu géètì. Ó dáa, kó máa sùn. Ìwọ ni màá rò ó fún, ṣe bí ìwọ lo fẹ́ ẹ.

O mọ̀ pé kí n tó mọ bàbá Dámiláre ni mo ti mọ àwọn olórin Sóbì Rockers. Èmi àti ọkọ rẹ la jọ wà ní kíláàsì kan náà nígbà tí gbogbo ọmọ iléèwé Ìlọrin ń ya wèrè nítorí Ọláyíwọlá tó ń ta gìtá fún wọn. Nígbà tí wọ́n wá ṣeré níbí, bàbá mi tó jẹ́ kátíkíìsì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, ó ní orin àwọn ọmọ tí kì í gẹrun ni. Sàlíhù lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi yangàn sí mi létí, bẹ́ẹ̀ lo ṣe wá bá wa lẹ́nu ẹ̀. Ẹgbẹ́ tú ká, akọrin wọn kú, Ọláyíwọlá bá tiẹ̀ lọ sókè òkun, mo sì ti gbà pé ó tán nìyẹn, mi ò ní rí wọn láyé mi.

Àfi bí wọ́n ṣe ní Ọláyíwọlá dé. Ó ní òun máa ṣeré lẹ́ẹ̀kan péré ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Post Office, pé oríkèé ọwọ́ ti ń dun òun, òun ò tún ní ta gìtá lójú agbo mọ́. Lẹ́ẹ̀kan péré, Ládi. Wọ́n kọ ọ́ sára pósítà pé ọjọ́ kejì ọdún Ìtúnnu, lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Wọn ò kọ déètì kankan, ta ló mọ ọjọ́ tí oṣù máa lé? Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí, Ìlọrin la wà. Ṣùgbọ́n èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, kí ni mo mọ̀ nípa oṣù wíwò? Sàlíhù ni mo gbójú lé.

Ní Jímọ̀, mo ṣí wíńdò, mo rí i tí àwọn èèyàn ń bọ̀ láti Yídì nínú aṣọ tuntun, tí àwọn ọmọdé wọ awò dúdú sójú, tí wọ́n kún inú kẹ̀kẹ́ fọ́fọ́. Mo pe ọkọ rẹ, mo ní Sàlíhù, ṣé kì í ṣe ọdún nìyí? Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní àwọn tí ò ní sùúrù nìyẹn, pé àfáà tòun ò rí oṣù, ààwẹ̀ máa pé ọgbọ̀n ni. Mo ní eré wa ńkọ́, ọdún ta ni wọ́n máa fi kà á? O mọ ohun tó sọ? Ó ní, "Màmá Dámiláre, fọkàn balẹ̀, ṣebí èmi ni alága." Alága kí ni? Alága ẹgbẹ́ àwa arúgbó tó ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì Sóbì Rockers, òun ló wá ń gbé oṣù kọ́ sójú ọ̀run?

Ní Sátidé lo gbé oúnjẹ ọdún wá fún mi. Oúnjẹ yẹn dùn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọ. Mo jókòó tì í, mo ń sọ fún Tẹniọlá ọmọ mi pé ọdún nìyí, ọ̀la wá ni ọjọ́ kejì, kó bá mi wá jínìsì mi jáde. Ládi, bí mo ṣe ń já ẹran yẹn jẹ, ọkùnrin yẹn ti wà lórí pèpéle, ó ń ta gìtá ìkẹyìn, èmi sì wà nílé tí mò ń tayín.

Ní Sunday, mo yọ́ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Èmi tísà tó ti fẹ̀yìn tì, èmi ìyá ọkọ, mo fún ara mi mọ́ inú jínìsì, mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Adéwọlé níbí, ayọ̀ ò jẹ́ kí n lè jókòó dáadáa. Mo débẹ̀, wọ́n ń tú irin pèpéle. Ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Màmá, àná mà ni." Mo pe alága, alága ti pa fóònù.

Mo ní àṣìṣe ni, mo gbé e mì. Ohun tó gbé mi wá síbí ni ohùn tó fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Ó ní òun wà níbẹ̀. Pé bí òun ṣe kírun ọdún tán ní Sátidé, ẹnì kan ta òun lólobó, òun sì sáré lọ. Ó ní okùn gìtá já, Ọláyíwọlá ò tiẹ̀ dúró. Olúyẹmí, ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ́hùn-ún ní Ọ̀mù-Àrán, ti fi ẹkún dá a lóhùn. Ó mọ̀, ó lọ, kò pè mí. Ògiri ló là wá láàárín, kò lè kan ilẹ̀kùn? Bàbá mi ò mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́sí. Sàlíhù mọ̀. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n láyé yìí, ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Kí lò ń fà mí láṣọ sí? Sọ ọ́ sókè. Kò lọ ibo? Ó sun oorun ọ̀sán ní Sátidé, kò jí títí Mọ̀gàríbì fi kù díẹ̀? Ta wá ni Sàlíhù tó rí okùn gìtá tó já? Ní Sunday ló lọ, láti agogo méjìlá, kó lè gba àga iwájú... tó bá gbọ̀ngàn tó ṣófo, tó pa fóònù, tó wọlé, tí kò jẹun. O gbọ́ ọ tó ń sunkún? Sàlíhù? Alága?

Háà, ẹ gbà mí, ẹ̀gbẹ́ mi. Má bínú, Ládi, jẹ́ n rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín báyìí. Ó ní okùn gìtá já. Okùn ta ni?

Rárá, mi ò ní sọ fún wọn lórí Wasáàpù, jẹ́ kí Olúyẹmí máa jẹ adùn tiẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní lọ bẹ́ẹ̀. Sàlíhù, mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn lo wà. Jáde wá. Dúró sáàárín pálọ̀ yìí, kó o fi ẹnu ta gbogbo gìtá tó o gbọ́ ní Sátidé fún mi, láti orin àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, má fo ọ̀kankan. Èmi àti ìyàwó rẹ la máa pàtẹ́wọ́.