Èmi Ni Mo Tú Àgbọ̀nrín Rọfíà Sílẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín inú fóònù ni mo fẹ́ sọ, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíì á ní kí ló kan obìnrin ilé ọkọ nínú géèmù ọmọdé. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́kàn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ìwé yìí, n kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé wa. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ọmọ náà máa wálé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sí yín, kí n tó rí ojú rẹ̀.

Ìyàwó kejì ni mí, ṣùgbọ́n n kò ní orogún. Ìyàwó àkọ́kọ́ ti kú kí èmi àti ọkọ mi tó mọra. Ọmọbìnrin kan ló fi sílẹ̀, Rọfíà lorúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ni ọkọ mi, àdúgbò Fate là ń gbé. Èmi ń rán híjáàbù ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Ọjà-Ọba.

Rọfíà kò yájú sí mi rí. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, ó máa ń fọ abọ́ kí n tó sọ̀rọ̀. "Àǹtí" ló ń pè mí. Ìyá rẹ̀ ló ń pè ní Ummi, ó sì dá mi lójú pé kò sí ẹlòmíràn tó máa jẹ́ orúkọ yẹn mọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí àìsàn dá ìyá náà dùbúlẹ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ jọ máa ń gbá géèmù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Igbó ńlá ni, àwọn èèyàn káàkiri ayé ló sì ń pàdé níbẹ̀. Èèyàn lè rí ẹranko ìgbẹ́ kan, kó máa fún un lóúnjẹ títí ẹran náà á fi mọ̀ ọ́n, tí á máa tẹ̀lé e kiri. Àgbọ̀nrín kan tí etí rẹ̀ kan funfun ni ìyá àtọmọ fi sùúrù mú. Wọ́n ní ó máa ń sá. Ìyá ló ń nawọ́ ewé sí i láti orí ibùsùn, títí ẹran náà fi gbà. Lẹ́yìn tí obìnrin náà kú, Rọfíà sọ ẹran náà ní Àṣàkẹ́. Oríkì ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sí ipò mi. Mo lè gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀, kí ọkọ mi bi ọmọ rẹ̀ pé, "Àṣàkẹ́ ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?" Ọmọ á ní, "Ó ti yó, Dádì." Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Èmi á dúró tòun ti ìgbakọ lọ́wọ́. Ọkọ mi kò fi oríkì pè mí rí. Bóyá kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Rọfíà wọ ilé ìwé tí wọ́n ti ń sùn, lọ́nà Òkè-Òyì, wọn kò gba fóònù láàyè fún wọn. Fóònù tí géèmù náà wà nínú rẹ̀ wà nílé. Lọ́jọ́ kan, ó fi fóònù olùkọ́ rẹ̀ pè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá rẹ̀ ti lọ sí Mìnnà fún iṣẹ́. Kíákíá ni ọmọ náà ń sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti ṣe àpúdéètì sí géèmù wa. Àtúnṣe ńlá ni. Wọ́n ní gbogbo ẹran téèyàn ti mú, kí ẹni tó ni wọ́n wá sọ ohun tó fẹ́ ṣe sí wọn. Èyí tí a kò bá sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, igbó ló ń padà sí. Ọ̀la ló parí!"

Mo ní, "Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ ṣí i, ẹ máa rí Àṣàkẹ́. Wọ́n á bi yín léèrè. Ẹ ṣáà fi í sílẹ̀, Àǹtí. Ẹ fi í sílẹ̀ o." Bí olùkọ́ ṣe gba fóònù rẹ̀ nìyẹn.

Ibí yìí gan-an ni orí mi ti ń dàrú. "Fi í sílẹ̀" ni ọmọ náà sọ. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ níbi tó wà ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ kó máa lọ? Nígbà tí mo ṣí fóònù náà nírọ̀lẹ́, nǹkan méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀ lédè Òyìnbó. Ọ̀kan ní kí n mú un dúró. Ìkejì ní kí n tú u sílẹ̀. Àgbọ̀nrín náà dúró, ó ń wò mí. Mo tẹ ìkejì.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá ní àìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n fóònù náà tún bi mí pé ṣé ó dá mi lójú pé kí Àṣàkẹ́ máa lọ. Ó kọ orúkọ náà gàdàgbà. Mo kà á. Mo tún tẹ̀ ẹ́.

Ṣé mo mọ ohun tí mò ń ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo ń bi ara mi látìgbà náà nìyẹn. Lọ́jọ́ kan mo máa ní rárá, ṣebí ọmọ ló ní kí n fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn mo máa rántí bí ọkàn mi ṣe fúyẹ́ nígbà tí ẹran náà kẹ̀yìn sí mi, tó wọ àárín igi lọ. Ó fúyẹ́, wàláhì. Mo lọ wẹ̀, mo kírun, mo dáná.

Nígbà tí a lọ bẹ ọmọ wò, ohun tó kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. "Àǹtí, ṣé ẹ rí i ṣe?" Ẹnu mi dáhùn kí n tó ronú. Mo ní, "Mo ní kó dúró o, Rọfíà. Àtúnṣe yẹn ló gbé e lọ."

N kò mọ̀ pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlòmíràn lóòótọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ń ti ilé wá ti sọ fún un pé àtúnṣe náà kó ẹran àwọn kan lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó ni wọ́n ti ní kí wọ́n dúró. Nítorí náà ó gbà mí gbọ́. Ó bú sẹ́kún, ó wó lé mi láyà, ó dì mọ́ mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Ó ti lọ, Ummi. Ó ti lọ."

Mo kọ́kọ́ rò pé ìyá rẹ̀ ló ń ké pè. Èmi ló ń wò lójú.

Láti ọjọ́ yẹn, Ummi ni mò ń jẹ́. Nínú ọkọ̀ tí a fi ń padà bọ̀, ọkọ mi ní, "Alhamdulilahi. Ohun tí mo ti ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyí." Ó di ọwọ́ mi mú títí a fi dé Fate. Ohun tí mo ti ń fẹ́ látọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn, irọ́ ló bá mi gbà á. Inú mi dùn. Inú mi bàjẹ́. N kò mọ èyí tó ṣáájú.

Bóyá ǹ bá ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, Rọfíà tún pè, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Àwọn tó ni géèmù ti tọrọ àforíjì. Wọ́n ní gbogbo ẹran tí àtúnṣe kó lọ máa padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Èyí téèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ tú sílẹ̀ nìkan ni kò ní padà.

Ó ní, "Ummi, èmi àtẹ̀yin la jọ máa ṣí i o. Ẹ má ṣí i kí n tó dé."

Mo ṣí i. Mo gbé fóònù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń wá àgbọ̀nrín kiri inú igbó yẹn. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣubú sódò. Mo rí olétí funfun kan, mo sáré sí i, ó sá. Mo tún rí òmíràn, etí tiẹ̀ náà funfun. Wọ́n pọ̀. Ẹran tí wọ́n bá ti tú sílẹ̀ kì í ní orúkọ lórí mọ́. Oníbàárà kan tó wá gba híjáàbù rẹ̀ bá mi níbi tí omi ti ń dà lójú mi. Ó ní, "Ìyá Rọfíà, ṣé kò sí o? Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan láti ilé ni?" Mo ní kò sí nǹkan kan.

Ọ̀kan nínú wọn kì í sá jìnnà. Ó máa ń dúró lẹ́bàá odò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí nawọ́ ewé sí i, bí wọ́n ṣe ní ìyá tó bí Rọfíà máa ń ṣe. Á sá, á padà. Aṣọ àwọn èèyàn wà lórí máṣíìnì, n kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá, mo ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ń pè é ní Àṣàkẹ́, orúkọ tí n kì í fẹ́ gbọ́ nínú ilé mi. Mo ní kó dárí jì mí. Bóyá ẹran ni mo ń bẹ̀, bóyá obìnrin tí n kò rí rí ni, n kò mọ̀.

Àná ló jẹ ewé lọ́wọ́ mi. Ó wá tẹ̀lé mi. Géèmù náà ní kí n kọ orúkọ tí mo fẹ́ sọ ọ́.

Bí mo bá kọ Àṣàkẹ́, Rọfíà á dé, á rí i, èmi á sì máa jẹ́ Ummi lọ. Bóyá òun gan-an tilẹ̀ ni. Bí kì í bá ṣe òun ńkọ́? Irọ́ kejì nìyẹn, orúkọ òkú ni mo sì fi pa á. Bí mo bá sọ òtítọ́, n kò mọ ohun tó máa pè mí, bó bá tiẹ̀ pè mí rárá. N kò mọ ojú tí bàbá rẹ̀ máa fi wò mí.

Ẹ̀yin tó ti tọ́ ọmọ ọlọ́mọ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má bú mi jù. Kí ni mo máa sọ fún ọmọ yìí, ibo ni mo sì ti máa bẹ̀rẹ̀? Ibi tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ sí ṣì ṣófo títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àgbọ̀nrín náà dúró tì mí, ó ń retí ohun tí mo máa pè é.