Sìmẹ́ǹtì Inú Ère Ìyá Mi

Ẹ̀yin ará mi, ọkàn mi kò balẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá dún, n óò ti dìde kí ẹni tí ó kàn án tó pè mí. Kọ́kọ́rọ́ ọgbà ìṣeré àwọn ọmọdé ìlú wa, Ìlọ́fà, wà ní àpò mi, nítorí pé èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó o. Ní ọ̀túnla, ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé Àjíǹde, wọ́n ń retí pé kí n ṣí i. Bí mo bá ṣí i, ẹ̀rù ń bà mí kí ọmọ ọlọ́mọ má kú. Bí n kò bá sì ṣí i, ẹbí mi yóò sọ pé mo dójú ti ìyá mi nínú sàréè. Ta ni mo lè fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀, bí kò ṣe ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí?

Ẹ̀rọ kan wà ní àárín ọgbà náà tí gbogbo wa ń pè ní Ẹṣin Ayípo. Òpó irin kan ni ó dúró, apá irin mẹ́jọ yọ lára rẹ̀, ẹṣin onígi kan sì wà ní orí apá kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ti tan ẹ́ńjìnnì ìdí rẹ̀, àwọn ẹṣin náà a máa yí po, àwọn ọmọ orí wọn a sì máa kígbe ayọ̀. Láti Odò-Ọ̀wá àti Ìdòfin ni àwọn òbí ti máa ń kó ọmọ wá ní àsìkò Àjíǹde, bí ojú ọ̀nà tilẹ̀ di ẹrẹ̀. Èmi pàápàá gùn ún kí irùngbọ̀n tó hù mí.

Àwọn ọmọ ìlú tí ń gbé ìlú ńlá ni wọ́n ń fi owó ìtọ́jú rẹ̀ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà gbówó lórí, wọ́n gé owó náà, wọ́n tún gé e, títí ó fi ku èyí tí kò tó ra ọ̀dà. Bíárìn ìdí òpó, tí í jẹ́ kí ẹ̀rọ náà yí wọ́ọ́rọ́, ti gbó tán. Àwọn ẹṣin ti di oúnjẹ ikán. Nígbà náà ni Alága wa mú àbá kan wá. Ó ní, “Ẹni tí kò ní owó bíárìn, ẹ dárúkọ òkú ìyá rẹ̀ fún un, ẹ óò rí owó!” A rẹ́rìn-ín, nítorí pé òótọ́ ni. Àbá rẹ̀ ni pé kí a yọ àwọn ẹṣin kúrò, kí a fi ère àwọn òbí wa tí ó ti sùn rọ́pò wọn. Ẹbí kọ̀ọ̀kan yóò ṣe ère tirẹ̀, yóò dá owó bíárìn mọ́ ọn, ọmọdé yóò sì máa jókòó sí itan ère náà bí ó ti ń yí. Alàgbà kan láti ìjọ Aládúrà béèrè bí kì í bá ṣe òrìṣà ni a fẹ́ gbé kalẹ̀. Alága dá a lóhùn pé, “Alàgbà, òrìṣà wo ni ọmọdé ń jókòó sí itan rẹ̀ jẹ gúgúrú?” Èmi ni mo dìde tí mo sọ pé àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ titun wọ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ wo òwe tí mo fi ẹnu ara mi pa!

Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a ní kí wẹ́dà tí ń jó irin fi ṣe é, kí ó lè fúyẹ́ bí ẹṣin onígi. Ère ìyá mi ni ó kọ́kọ́ parí. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ń gbé Ìlọrin, wá wò ó, ó fi ìka kàn án, ère náà sì dún gbọ̀ngbọ̀n. Ojú rẹ̀ yí padà. “Àbúrò, ṣé agolo mílíìkì ni ìyá wa ni? Obìnrin tí ó kún tó báyìí, òun ni yóò wá máa dún bí òfìfo?” Ó ní kí wọ́n rọ sìmẹ́ǹtì sí inú rẹ̀ kí ó kún. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó tọ́ mi dàgbà. Báwo ni n óò ṣe jiyàn? Bí ìdílé Alága ti gbọ́ pé tiwa kò dún mọ́, wọ́n rọ sìmẹ́ǹtì sí inú bàbá wọn. Ìdílé tí ó kù tẹ̀lé wọn. Àbí ta ni yóò gbà kí òkú tirẹ̀ máa dún bí agolo láàárín òkú ẹgbẹ́ rẹ̀? Ibi sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà ni owó parí sí. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ bíárìn mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, a tan ẹ́ńjìnnì láìsí ọmọ kankan ní orí rẹ̀. Òpó náà ké bí ẹran tí a ń fà lọ sí ọ̀dọ̀ alápatà. Ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ilẹ̀ ìdí rẹ̀ sì sán. Mo kígbe pé kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì náà. Mo bẹ Alága pé kí a gbé àwọn ère sọ̀kalẹ̀ títí a ó fi rí bíárìn rà. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. “Akọ̀wé, nígbà tí a gbé ìyá tìrẹ gùn ún, òpó kò ké. Ó wá di orí bàbá tèmi kí o tó mọ̀ pé ó wúwo?” Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní orí fóònù. Ó ní bí mo bá gbé ìyá wa sọ̀kalẹ̀ lójú ayé, kí n má pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Alága tún ti búra pé bí n kò bá mú kọ́kọ́rọ́ wá, wẹ́dà yóò gé àgádágodo. Ìyàwó mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni ó sì bi mí. Ó ní, “Bàbá Bọ́lá, Bọ́lá ń gbé ọmọ rẹ̀ bọ̀ wá ṣe Àjíǹde. Ṣé ẹ ó gbé e gùn ún?”

Mo rò pé kí n gbé ìyá tèmi nìkan sọ̀kalẹ̀, nítorí òun ni mo ní àṣẹ lé lórí. Ṣùgbọ́n bàbá Alága ni ó wà ní ìdojúkọ rẹ̀ gan-an. Bí ọ̀kan bá lọ, èyí tí ó kù yóò tẹ òpó náà sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Àfi kí àwọn méjèèjì jọ sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Nígbà ayé rẹ̀, ìyá mi ni àwọn obìnrin àdúgbò ń gbé ọmọ fún bí wọ́n bá ń lọ sí oko, ọmọ kankan kò sì jábọ́ ní itan rẹ̀ rí. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ẹ̀gbọ́n yín jiyàn nítorí òkú rí, kí ni ẹ wí tí ó fi gbọ́? Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ náà. Bí n kò bá rí i kí ọ̀túnla tó mọ́, èmi fúnra mi ni n óò lọ jókòó sí itan ìyá mi, pẹ̀lú ewú orí mi, kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ́ńjìnnì. Kí wọ́n wá gbé mi kúrò níbẹ̀ lójú gbogbo ìlú.