Ohun Tí Tàjúdínì Ṣe sí Èjí Ìyá Mọ́ṣúdù

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lábẹ́ ahọ́n Tàjúdínì, ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí ó di dandan kó jáde, àfi bí ẹ̀mí bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó dé ibùdókọ̀. Ẹ wo bó ti ń sáré la Dar-es-Salam, àdúgbò kan ní Bouaké, kọjá, àgbà ọkùnrin tó sanra, tí kì í kánjú rìn láyé rẹ̀ àfi bó bá gbúròó oúnjẹ. Kò dé fìlà. Aṣọ iṣẹ́ tó fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹfun funfun ti gbẹ mọ́ ọn lápá, bàtà rẹ̀ ọ̀tún sì ti já síbi kan tí òun pàápàá kò mọ̀. Àwọn èèyàn ń bi í pé kí ló ń lé e bọ̀, kò dáhùn. Nàfísátù ìyàwó rẹ̀ ló ti ọjà dé, tó ní òun rí Isaac, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àti ìyàwó rẹ̀ ní ibùdókọ̀, pé wọ́n ti ń di ẹrù wọn sórí ọkọ̀ tó ń lọ sí Nàìjíríà. Tàjúdínì ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó fi bẹ́ sí títì. Bí Isaac bá fi lè kúrò ní Bouaké láìgbọ́ ohun tí òun fẹ́ sọ, irọ́ tí òun pa mọ́ ọn yóò bá òun wọ sàréè ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Orí bá a ṣe é, ọkọ̀ ò tíì gbéra. Isaac ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Clarisse ìyàwó rẹ̀ tó lóyún gbé orí lé e léjìká. Àwọn ọmọ Yorùbá mélòó kan wá sìn wọ́n. Bàbá Ìbráímọ̀, olórí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wà níbẹ̀. Ìyá Mọ́ṣúdù náà wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ló ti ń ta abọ́ àti ìkòkò láti ìgbà tí kò ti lè ná ọjà Botro, ìlú kan nítòsí, mọ́. Tàjúdínì lọ dúró gbagidi síwájú ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e bí ẹni pé òun nìkan lè dá a dúró. Awakọ̀ fun fèrè títí, kò yẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀," ló wí, èémí ò sì fẹ́ẹ́ jẹ́ kó sọ ọ́. "Isaac ò mọ nǹkan kan nípa eyín tó jábọ́ lẹ́nu Ìyá Mọ́ṣúdù. Èmi ni mo ṣe é. Mo ṣe é tán, mo sì dì í lé ọmọ ọlọ́mọ lórí."

Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dùn, nítorí ibi tó ti dùn náà ló ti bàjẹ́. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé òun àti Isaac jọ ń ṣe eyín ni, láti ìgbà tí Ọládòṣù, baba Isaac, ti fa ọmọ náà lé òun lọ́wọ́ kó tó kú. Rẹ́sínì àtijọ́, ohun bí ike tí wọ́n fi ń mọ erìgì tó ń gbé eyín dúró, ni wọ́n ń lò nígbà náà, èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun àti omi olóòórùn líle pò, omi yẹn ò sì bá ẹnu gbogbo èèyàn lára mu. Lẹ́yìn tí ìjọba já owó sẹ́fà sí méjì, tí ìlú le koko, òun tú gbogbo ohun tí òun ní jọ, òun lọ sí Lomé lọ ra ẹ̀rọ tuntun àti rẹ́sínì tuntun. Ẹ̀ bá wo ojú Tàjúdínì bó ti ń sọ ọ́: ẹni tó wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní rẹ́sínì náà rí wóróworo bí ìrẹsì, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí erìgì, kò ní omi kankan nínú. Iná ló ń yọ́ ọ, ẹ̀rọ á fún un wọ inú mọ́ọ̀dì, bó bá sì tutù, èèyàn lè ká a kò, kò ní kán. Òun àti Isaac ń ká a síhìn-ín ká a sọ́hùn-ún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Isaac ló kọ́ ìwà rẹ́sínì náà. Isaac ló mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ yan wóróworo náà gbẹ kó tó yọ́ ọ, pàápàá lásìkò òjò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò hó bí ọṣẹ nínú mọ́ọ̀dì. Isaac ló ní kí wọ́n má fi ṣe eyín fún ẹni tí kò ní eyín kankan mọ́, pé ó rọ̀ jù fún ìyẹn, yóò máa rì mọ́ erìgì bó bá ń jẹran; ṣùgbọ́n fún ẹni tí díẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀, kò sí irú rẹ̀. Isaac náà ló rí àléébù rẹ̀ tó tóbi jù. Rẹ́sínì àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ eyín típẹ́típẹ́; tuntun yìí kì í bá eyín tan rárá. Eyín kọ̀ọ̀kan lèèyàn gbọ́dọ̀ lu ihò sí nísàlẹ̀, kó tún lu òmíràn láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, kí rẹ́sínì lè gba ibẹ̀ wọlé, kó sì di eyín mú. Ihò lílu yẹn di iṣẹ́ Isaac, gbogbo Dar-es-Salam ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni Ìyá Mọ́ṣúdù wọlé tọ̀ wọ́n wá. Eyín iwájú rẹ̀ mẹ́rin ti bá ìjàǹbá ọkọ̀ lọ, rẹ́sínì àtijọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe òmíràn fún un sì ti bó o lájà ẹnu. Ẹni tó bá mọ obìnrin yìí tẹ́lẹ̀ mọ èjí rẹ̀. Bó bá rẹ́rìn-ín lọ́jà, oníbàárà á gbàgbé láti dúnàá dúrà. Èjí yẹn ló ń tàn nínú fọ́tò ara ìwé ìgbélùú rẹ̀, carte de séjour tí gbogbo àlejò gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́. Ẹ sì mọ irú ìgbà tó jẹ́. Ìgbà tí wọ́n ń bi èèyàn pé ọmọ ibo ni ìyá rẹ, ọmọ ibo ni baba rẹ, kó tó rí ọ̀nà kọjá ni. Àwọn jàndáámù tó ń yẹ ìwé wò lójú ọ̀nà Botro wo fọ́tò, wọ́n wo ẹnu tó ṣófo, wọ́n ní kì í ṣe òun. Ló bá ní kí Tàjúdínì dá èjí òun padà fún òun bó ṣe wà nínú fọ́tò, kí òun lè máa ná ọjà òun.

Isaac lu ihò sí eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n sínú ìda, ó fi èjí sáàárín. Ó ku kí wọ́n yọ́ rẹ́sínì. Lọ́jọ́ Àìkú, Isaac wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Tàjúdínì nìkan wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé iṣẹ́ náà wò, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ihò ẹ̀gbẹ́ eyín méjì tó wà láàárín ṣí sínú èjí gan-an. Bí rẹ́sínì bá kún wọn, àmì pupa á wà lápá ọ̀tún èjí, òmíràn á wà lápá òsì.

"Èjí wo nìyẹn?" ló bi àwọn tó yí i ká. "Ta ló rí èjí alámì rí láàárín wa?"

Ó ní òun tí òun mọ iyì èjí, òun ò lè jẹ́ kí irú rẹ̀ ti ọwọ́ òun jáde. Òun yọ eyín méjì náà, òun fi òmíràn tí kò ní ihò kankan rọ́pò wọn, òun tún ìda ṣe, òun dí mọ́ọ̀dì, òun yọ́ rẹ́sínì, òun fún un wọlé. Òpònú ni òun. Òun mọ̀ pé kò ní di eyín náà mú, òun kàn ń tan ara òun pé bóyá bí òun bá mú kí rẹ́sínì gùn díẹ̀ sí i lẹ́yìn, yóò gbé e dúró.

Ṣùgbọ́n èjí náà dára, kódà níbi tó ti ń jẹ́wọ́, kò lè ṣàìsọ ọ́. Ó funfun nini. Ìyá Mọ́ṣúdù wo dígí, ó bú sẹ́kún, ó tún bú sẹ́rìn-ín. Àwọn aládùúgbò ń wá wò ó, Tàjúdínì ń gba oríyìn, kò sì dárúkọ Isaac lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ ọjà Botro, jàndáámù ní kí ìyá mú ìwé wá. Ó mú un wá, ó sì rẹ́rìn-ín sí i tayọ̀tayọ̀ kó lè rí èjí. Eyín kan yọ, ó bọ́ sórí ìwé náà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Èkejì tẹ̀lé e. Jàndáámù wo eyín, ó wo ìyá, ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀ pè é, ó ní, "Ìyá Anago, eyín rẹ pàápàá ò níwèé." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó fa ìwé náà ya, wọ́n já ìyá àgbà sílẹ̀, wọ́n gba ẹrù rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn títí ó fi rí onítírélà kan tó ṣàánú rẹ̀. Bí Tàjúdínì ti ń sọ èyí, kò lè wo apá ibi tí Ìyá Mọ́ṣúdù dúró sí.

Ó ní bí òun bá jẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ kan ni ìbá jẹ́. Bàbá Ìbráímọ̀ pè wọ́n jọ sí pálọ̀ rẹ̀, ó gbé ọ̀kan nínú eyín tí Ìyá Mọ́ṣúdù ṣà bọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kò sí ihò lára rẹ̀. Ó béèrè pé ta ló ń lu ihò. Òun ní Isaac ni. Isaac búra pé òun lu gbogbo rẹ̀, ó ní bí eyín yìí ò bá ní ihò, a jẹ́ pé ẹnì kan pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ wá àwọn ti òun ní ṣọ́ọ̀bù. Tàjúdínì ní òun ṣáájú wọn wọlé pé kí òun ṣí fèrèsé. Eyín oníhò méjèèjì wà nínú àwo ìda lórí tábìlì, nítorí pé ọ̀lẹ kò jẹ́ kí òun dà wọ́n nù. Òun sọ wọ́n sẹ́nu, òun gbé omi lé e, òun gbé wọn mì lójú wọn. Nígbà tí Bàbá Ìbráímọ̀ ní kí ni, òun ní oògùn orí fífọ́ ni.

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín nínú àwọn tó wà ní ibùdókọ̀, ṣùgbọ́n Tàjúdínì gbọ́wọ́ sókè, ó ní kí wọ́n má tíì rẹ́rìn-ín, pé èyí tó burú jù ló kù. Wọn ò rí nǹkan kan ní ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ Bàbá Ìbráímọ̀ ń mi orí, ó ní òun ò mọ Isaac mọ́ irọ́. Òun rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ yí padà. Òun wá sọ pé kí wọ́n má gbàgbé pé Baoulé, ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀, ni ìyá Isaac. Òun ní àwọn èèyàn ìyá rẹ̀ ló ń lé wa nílùú, ta ló mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é sí wa, kì í kúkú ṣe ọmọ wa dénúdénú. Ohun tí jàndáámù ń ṣe fún wa lójú ọ̀nà ni òun ṣe fún ọmọ tí òun tọ́ dàgbà, nínú pálọ̀, lórí ìjókòó. Wọ́n gbà á gbọ́. Nígbà tó máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ọjà ti ń sọ ọ́ ní Jùlá, èdè tí gbogbo ìlú fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ará ìyá rẹ̀ ń pè é ní Anago, Anago ń pè é ní Baoulé, kò sì sẹ́ni tó ń gbé ẹnu wá fún un mọ́ pé kó ṣe eyín sí i. Ọmọ tí wọ́n bí sí Bouaké ló wá ń di ẹrù lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò fojú rí rí.

"Tèmi tán," ni Tàjúdínì wí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ elépo mọ́tò, àgbà tó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé. "Isaac, àbúrò mi, dárí jì mí. Ìyá Mọ́ṣúdù, ẹ foríjì mí."

Ìyá Mọ́ṣúdù ní kó bẹ Isaac ná, pé ti òun ò ju eyín lọ. Bàbá Ìbráímọ̀ ní òun náà jẹ̀bi, nítorí irọ́ náà tètè dùn mọ́ àwọn létí. Gbogbo ojú wá yí sí fèrèsé ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Isaac wí, "ẹ sọ ọ́ ní Jùlá."

Tàjúdínì dìde, ó sọ ọ́ ní Jùlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń pariwo rẹ̀, tó fi jẹ́ pé àwọn alárù gbé ẹrù kalẹ̀ láti gbọ́. Ó fi lé e pé Isaac, ọmọ Ọládòṣù ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ Baoulé ni, ọmọ Bouaké ni, ẹni tó bá ti gbọ́ ohun mìíràn, irọ́ tí òun pa ni. Ohùn rẹ̀ ti há. Òógùn bo ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lójú náà, nítorí ara rẹ̀ fúyẹ́ lọ́nà tí kò fúyẹ́ rí.

Isaac yọ orí lójú fèrèsé. "Nítorí àmì inú èjí nìkan?"

"Nítorí rẹ̀ ni."

"Ẹ̀ bá bi mí," ni Isaac wí, ohùn rẹ̀ ò le rárá. "À bá dí ihò ẹ̀gbẹ́ yẹn, ká lu òmíràn láti ẹ̀yìn, níbi tí ojú ò lè dé. Mo rí àmì yẹn kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ tún un ṣe."

Ìgbà yẹn ni Tàjúdínì ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún. Kò sunkún nígbà tó ń jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí gún un dé egungun. Isaac bọ́ sílẹ̀, ó di Clarisse lọ́wọ́ mú sọ̀kalẹ̀, ó ní kí alárù gbé ẹrù àwọn wálẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́ o, òun ò tíì dárí ji ẹnì kan. Eyín Ìyá Mọ́ṣúdù ni òun fẹ́ lọ ṣe, ìyókù di ìgbà tí inú òun bá rọ̀.

Tàjúdínì nu ojú, ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ tó pé lé wọn lórí. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ tí ò bá tẹ́ yín lọ́rùn lọ́wọ́ ẹnìkejì yín, ẹ bi í. Èyí tí ẹ bá sì ti bàjẹ́, ẹ sọ ọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra." Awakọ̀ tún fun fèrè, wọ́n yẹ̀ fún un, ó lọ tòun ti àyè ìjókòó méjì tó ṣófo.